Ojú Mansur àti Ẹ̀rọ Olóòfà

Mansur jórinjórin kò kọ́kọ́ gbà pé ara òun kò yá. Ó pẹ́ tó ti ń jó irin ọkọ̀ àjàgbé pọ̀ ní Coconut, l'Ékòó, àmọ́ lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí, bó bá ti gbé òòlù, kò ní í lè mí dáadáa mọ́. Dókítà ní àfi kí wọ́n fi ẹ̀rọ olóòfà tó ń ya àwòrán inú ara wo bí iṣan ọkàn rẹ̀ ṣe ń fún tó sì ń tú. Bó bá ń fún dáadáa, á padà sí ṣọ́ọ̀bù. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, iṣẹ́ bùṣe. Ohun tó ń bà á lẹ́rù nìyẹn, kì í ṣe ikú.

Níbi àyẹ̀wò ní Apapa, Morádéún tó ń tọ́jú ẹ̀rọ náà bi í pé, "Bàbá, ṣé irin ò wọ̀ yín lójú rí?"

"Rárá o."

Kì í kúkú ṣe pé ó purọ́. Lọ́dọ̀ àwọn jórinjórin, ẹ̀rún irin tó bá ta síni lójú kì í ṣe irin, ìdọ̀tí ni. Ẹnì kan á fi ahọ́n lá a kúrò, iṣẹ́ á tún bẹ̀rẹ̀. Ahọ́n Suwaibat ìyàwó rẹ̀ ni Mansur ń lò. Awò ojú dúdú tí obìnrin náà rà fún un ń bẹ lórí ìṣó ní ṣọ́ọ̀bù, eruku ti bò ó.

Mansur ti ń bọ́ bàtà nígbà tí Suwaibat tó bá a wá dìde. Ojú tì í kó tó sọ ọ́. "Ẹ jọ̀ọ́, àǹtí, èmi ni mo máa ń fi ahọ́n yọ irin lójú wọn. Ti ìgbà iléyá, mi ò mọ̀ bóyá ó jáde tán."

Mansur bínú gidi. "Ìyá Kaothar, ta ló bi ẹ́? Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ló ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́!"

Morádéún kò dá sí ìjà tọkọtaya. Ó ní kí wọ́n lọ ya ẹ́síréè ojú wá. Ẹ̀rún irin kan wà níbẹ̀ lóòótọ́, kò tó orí abẹ́rẹ́. "Bàbá, ká ní ẹ wọ inú ẹ̀rọ yìí ni, òòfà á fà á, ojú yín lè fọ́." Mansur tún bàtà rẹ̀ wọ̀.

Dókítà ojú yọ ọ́. Nígbà tí Mansur padà wá, ó wọ inú ẹ̀rọ. Wọ́n ní kó sé èémí, ó sé e bó ṣe máa ń ṣe tí èéfín bá dé. Èsì jáde: apá kan ògiri ọkàn náà kò mira mọ́. Oògùn wà, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ gbé òòlù mọ́ láé. Mansur sunkún lójú títì, kò tilẹ̀ fi pamọ́.

Ẹni tó bá dé Coconut báyìí á bá a lórí bẹ́ǹṣì, tó ń fi ìka han àwọn ọmọṣẹ́ rẹ̀ níbi tí irin kò ti mú ara wọn. Ojú nìkan ló kù tó fi ń ṣiṣẹ́. Ọkùnrin tí kò lo awò nígbà tó ń jórin, ó wá ń lò ó láti jókòó. Suwaibat ló ń bá a nù ún láràárọ̀.