Ìyá Yìnyín àti Ilẹ̀kùn Ṣúgà

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni obìnrin yìí fi ṣiṣẹ́ nínú yàrá tútù kan, níbi tí òtútù ti ń wọni dé eegun. Súwẹ́tà méjì ló máa ń wọ̀ lé ara wọn, pẹ̀lú fìlà onírun, bí oòrùn tilẹ̀ ń jó ni lórí níta. Ìyá Yìnyín ni gbogbo ilé ìwádìí náà ń pè é, débi pé àwọn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà síṣẹ́ kò mọ̀ pé ó ní orúkọ mìíràn. Ó ní o. Ohun kan ṣoṣo tó sì ń fẹ́ kó tó fẹ̀yìn tì ni kí orúkọ yẹn hàn lára iṣẹ́ kan tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe.

Iṣẹ́ wo ló ń ṣe? Ẹ jẹ́ kí n là á yé yín. Sẹ́ẹ̀lì wínníwínní ló para pọ̀ di ara wa, sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan sì ní awọ, ọ̀rá ni awọ náà. Ṣúgà tó wà nínú omi ara kò lè dá gba inú ọ̀rá kọjá, torí omi àti ọ̀rá kì í ṣọ̀rẹ́. Ìdí nìyẹn tí ilẹ̀kùn fi wà lára awọ yẹn, purotéènì ni wọ́n fi kàn án. Ilẹ̀kùn náà gbọ́n ju ọ̀pọ̀ ọlọ́dẹ lọ. Á ṣí síta, á gba ṣúgà mọ́ra, á ti ẹ̀yìn rẹ̀ gbọn-in, kó tó wá ṣí sínú. Kì í ṣí tinú tòde pa pọ̀ láé, kí ẹrù ilé má bàa dà síta.

Ọ̀jọ̀gbọ́n tó ni yàrá ìwádìí náà fẹ́ rí bí ilẹ̀kùn yìí ṣe rí gan-an. Kó tó lè rí i, wọ́n gbọ́dọ̀ fi ọṣẹ yọ ọ́ kúrò lára awọ, ibẹ̀ ni wàhálà wà. Ọṣẹ líle á yọ ọ́, ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn á wó palẹ̀ bí àgọ́ tí wọ́n fa òpó rẹ̀ yọ. Ọṣẹ jẹ́jẹ́ kò ní bà á jẹ́, kò sì ní yọ ọ́. Ọdún méje gbáko ni wọ́n fi jà á. Ìyá ló ń lọ̀ ọ́, ló ń fọ̀ ọ́, ló ń sẹ́ ẹ. Ọ̀jọ̀gbọ́n ló ń bínú. Bẹ́ẹ̀ nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n yìí ṣì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, Ìyá yìí ló kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń wọn omi láìda á sílẹ̀.

Ìyá ní ìwà kan: kì í da àṣẹ́kù nù. Ìgò tó bá ń tán lọ, á dojú rẹ̀ bolẹ̀ kó lè ro tán. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan, ọṣẹ jẹ́jẹ́ kò tó. Ìwọ̀n mẹ́fà ni iṣẹ́ ń fẹ́, márùn-ún péré ló kù. Ó bojú wo ìgò ọṣẹ líle, ó rí ìwọ̀n kan nísàlẹ̀, ó dà á mọ́ ọn. Ọ̀mọ̀wé kankan kò jẹ́ dán irú ẹ̀ wò. Ó kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀: márùn-ún sí ọ̀kan.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ohun tó wà nínú abọ́ dì wóro wóro bí iyọ̀. Ìyá sáré pe Ọ̀jọ̀gbọ́n wá.

"Ọ̀gá, ẹ má bínú o. Mo lú ọṣẹ."

"Ẹ ṣe kí ni?"

"Mo lú u ni. Èyí tó jẹ́jẹ́ ò tó."

Ọ̀jọ̀gbọ́n tẹ ojú mọ́ awò títí. Nígbà tó gbórí sókè, omi ti lé ròrò sójú ẹ̀. "Ìyá, ilẹ̀kùn wa rèé! Kò wó! Bó bá wó ni, kò ní dì báyìí! Orúkọ wa á dún káyé!"

Orúkọ wa. Ìyá gbé ọ̀rọ̀ yẹn délé, ó sì sọ fún ọmọ rẹ̀ obìnrin, tó jẹ́ tíṣà.

Oṣù kọkànlá ni ìwé ìwádìí náà jáde. Àwòrán ilẹ̀kùn wà níbẹ̀, ó dára lójú. Orúkọ Ìyá kò sí. Níparí, níbi tí wọ́n ti ń dúpẹ́, wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó tún fíríìjì ṣe. Wọ́n ní àròjinlẹ̀ Ọ̀jọ̀gbọ́n ló jẹ́ kí wọ́n po ọṣẹ méjì pọ̀ ní ìdajì-ìdajì. Inú ń bí mi bí mo ṣe ń sọ ọ́ yìí.

Ìyá lọ bá a. "Ọ̀gá, mi ò rí orúkọ mi."

"Ìyá, àwọn tó ronú la máa ń kọ. Ẹ̀yin, ọwọ́ lẹ fi ṣe tiyín."

"Ó dáa. Àmọ́ kì í ṣe ìdajì-ìdajì, sà. Márùn-ún sí ọ̀kan ni."

"Ìwé ti jáde, Ìyá. Ẹ lọ sinmi."

Kò pẹ́ tí lẹ́tà fi bẹ̀rẹ̀ sí í dé láti ọ̀nà jíjìn. Àwọn tó tẹ̀ lé ìwé náà ní ilẹ̀kùn ń wó mọ́ àwọn lọ́wọ́, wọ́n ní irọ́ ni Ọ̀jọ̀gbọ́n pa. Ni ọkùnrin náà bá wá sí yàrá tútù fúnra rẹ̀, eyín ń gbá eyín. Ó ti gbàgbé ìwọ̀n tí Ìyá sọ fún un, kò sì sí ìwé kankan lọ́wọ́ ẹ̀ tó kọ ọ́ sílẹ̀.

Ọmọ Ìyá ti kìlọ̀ fún un: "Màámi, ẹ má sọ fún un o! Ẹ jẹ́ kó jẹ iyán ẹ̀ níṣu." Ìyá sì rò ó bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Àmọ́ bó bá dákẹ́, ilẹ̀kùn náà á di irọ́, òun náà á sì fẹ̀yìn tì lóṣù tó ń bọ̀ láìní nǹkan kan láyé tó lè nawọ́ sí.

"Ṣé ẹ ó kọ orúkọ mi?"

"Màá kọ ọ́, Ìyá mi. Mo búra."

Ìyá ṣí ìwé rẹ̀ fún un.

Àtúnṣe sí ìwé ìwádìí náà jáde lọ́sẹ̀ tí Ìyá lò kẹ́yìn níbi iṣẹ́. Ọmọ rẹ̀ ló kà á sókè ní pálọ̀: "Àṣìṣe tó wà nínú ìwọ̀n ọṣẹ wá láti ọwọ́ òṣìṣẹ́ yàrá tútù, ẹni tí kò ṣe àkọsílẹ̀ tó péye. A ti bá a wí." Orúkọ rẹ̀ tẹ̀ lé e, èyí tí wọ́n sọ ọ́, ti bàbá rẹ̀ àti ti ọkọ rẹ̀, lẹ́tà kan ò yẹ̀.

Ọmọ náà ń sunkún. "Màámi, ẹ jẹ́ ká pè é lẹ́jọ́!"

"Ká ní kí ló ṣe?" ni Ìyá wí. "Ó ní òun á kọ ọ́. Ó kọ ọ́."