Wọ́n Pè Wá Ní Oníbàárà, Inú Wa Dùn

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run Ọba tó là mí lójú lọ́jọ́ tí mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fọwọ́ ara mi fi ohun tí kì í ṣe tèmi nìkan tọrẹ. Alhamdulillahi! Bí mo bá ní ẹgbẹ̀rún ahọ́n, wọn kò tó láti fi dúpẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi nínú ọjà Treichville, ní ilẹ̀ àwọn tó ń sọ Faransé, níbi tí mo ti ń ta aṣọ.

Ó pẹ́ tí àwa ará Ògbómọ̀ṣọ́ ti wà nínú mutuelle kan. Ìnṣọ́ránsì ni, tó ń dìde ìrànwọ́ fún wa bí iná bá jó ṣọ́ọ̀bù, àmọ́ kò ní ọ̀gá kankan. Àwa tí à ń dáwó sí i la ni ín. Ìyá mi ló kọ́kọ́ wọ̀ ọ́, mo wá jogún ìwé wọn.

Lọ́jọ́ kan, arákùnrin kan tó wọ táì wá láti ọ́fíìsì ẹgbẹ́ náà. Ó mọ èèyàn kí! Ó ní mutuelle fẹ́ di société, iléeṣẹ́ ńlá, pé ká ṣáà fọwọ́ síwèé, pé láti òní lọ àwa ni client wọn pàtàkì.

Client! Oníbàárà! Ẹ̀yin náà ẹ mọ bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe ń dùn létí ọlọ́jà. Ṣé kì í ṣe ẹni tí à ń gbé àga fún, tí à ń fún ní ènì, là ń pè bẹ́ẹ̀? Ìyá Sikirat tó ń ta léèsì lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi bú sẹ́rìn-ín: "Èmi tí mò ń bẹ oníbàárà lójoojúmọ́, èmi náà ti di oníbàárà ẹni ńlá!"

Ilé kéwú tí mo lọ kọ́ wa ní Faransé pẹ̀lú Lárúbáwá, nítorí náà èmi ni mo máa ń kàwé fún àwọn ìyá. Mo sáré kà á, mo ní kò sí wàhálà. Àwọn mẹ́fà fọwọ́ sí i lórí ọ̀rọ̀ mi. Èmi náà fọwọ́ sí i.

Ó wá ku Alhaji Làsísì, àgbà wa, tí kò gbọ́ ìwé Faransé rárá. Mo na bírò sí wọn, wọn kò gbà á. Wọ́n ní kí n ka ìwé ìyá mi àtijọ́ fún àwọn ná. Mo ṣí i. "Sociétaire" ló wà níbẹ̀, ìyẹn ẹni tó ní ìpín nínú ẹgbẹ́.

Alhaji wò mí. "Ràfíátù, ìyá rẹ máa ń nawọ́ nípàdé láti yan alága. Oníbàárà rẹ wo ló ti bá ọ yan ẹni tí yóò jókòó sí ṣọ́ọ̀bù rẹ rí? Bí o bá sì fẹ́ ta ṣọ́ọ̀bù ọ̀hún, ta ló ń bi oníbàárà?"

Yéè! Mo ká ìwé méjèèjì pọ̀.

Àwa méjèèjì wọ ọkọ̀, ó di ọ́fíìsì wọn. Mo ti gbára dì fún ìjà, àmọ́ obìnrin tó wà nídìí tábìlì pè mí ní tantie, bí ẹni ń pe àǹtí, ó sì bu omi fún Alhaji. Ó ní ẹni tó bá gbà pé client lòun ti yọ̀ǹda ìbò rẹ̀ àti ìpín tó yẹ kó kàn án nínú iléeṣẹ́ tuntun. Ó ní a ṣì lè kọ lẹ́tà láti fagi lé ìwé tí a fọwọ́ sí, bí ìpàdé gbogbogbòò kò bá tíì wáyé. Ó ní ká má bínú sí arákùnrin ọjọ́sí, iṣẹ́ tí wọ́n rán an ló jẹ́.

Lẹ́yìn ìrun Alásárì, mo tẹ́ ẹní sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, mo ń kọ lẹ́tà fún àwọn ìyá tó fọwọ́ síwèé lọ́kọ̀ọ̀kan, mo ń bẹ̀ wọ́n. Ìyá Sikirat ní, "Ẹ̀bẹ̀ yẹn tó! Kọ tèmi kí n lọ tajà jàre!"

Nínú àwọn mẹ́fà yẹn, Ìyá Mulikat nìkan ló kù. Wọ́n ti lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ lọ tọ́jú ọmọ wọn tó bímọ. Mo pè wọ́n títí, fóònù kò wọlé. Ọjọ́ ìpàdé pé. Àwọn tó wà nípàdé dìbò pé kí mutuelle di société, àmọ́ gbogbo sociétaire ni yóò ní ìpín nínú rẹ̀. Wọ́n pe orúkọ wa lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọn kò pe Ìyá Mulikat.

Nígbà tí Ìyá Mulikat ti Ògbómọ̀ṣọ́ dé, mo kúnlẹ̀ fún wọn. Mo ní ká jọ pín tèmi sí méjì. Wọ́n kọ̀. Wọ́n ní, "Dìde, ọmọ mi. O ò mọ̀ ọ́n mọ̀ ṣe é. Ṣùgbọ́n bí o bá tún ń kàwé fún wa, rọra máa kà á." Ẹkún ni mo sun délé.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹni tó bá ń kàwé fún ẹlòmíràn, àmánà, ohun tí wọ́n fọkàn tán an fún, ló gbé dání. Ọ̀rọ̀ dídùn kì í ṣe ẹ̀rí, ẹ bèèrè ohun tí ẹ ó pàdánù kí ẹ tó fọwọ́ síwèé. Ṣé irú èyí ti ṣe yín rí? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ọ́ síhìn-ín kí ẹlòmíràn lè rí i kọ́gbọ́n.

Ìwọ tí o ka èyí, kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ohun tí àwọn òbí rẹ fi òógùn kó jọ bọ́ mọ́ ọ lọ́wọ́. Kó fi olóòótọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ. Àmín.