Kọ́fílíǹkì fún Ọwọ́ Kan

Kò sí iṣẹ́ tó burú fún ẹni tí ìdí rẹ̀ kì í gba ìjókòó tó iṣẹ́ alágbẹ̀dẹ wúrà. Òun gan-an ni mo sì lọ kọ́. Ní gbogbo ọdún tí mo fi wà lọ́dọ̀ ọ̀gá mi ní Múṣín, ohun tí wọ́n máa ń sọ fún mi jù ni pé kí n fi ìdí mi lélẹ̀. Bí mo bá fi fáìlì ha òrùka fún ìgbà díẹ̀, màá dìde, màá lọ wo ojú títì, màá mu omi tí òùngbẹ rẹ̀ ò gbẹ mí, kí n tó padà wá bá òrùka náà bí ọkọ tó ń padà bá ìyàwó tí wọ́n jọ jà.

Bàbá mi ní ọ̀rọ̀ kan fún irú ènìyàn bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní mi ò yi. Ní Ògbómọ̀ṣọ́ tí wọ́n ti wá, awọ máa ń yi, igi máa ń yi, ẹran àgbà ewúrẹ́ máa ń yi, ènìyàn náà sì gbọ́dọ̀ yi bó bá fẹ́ dúró ti nǹkan. Nígbà tí mo sá kúrò níléèwé girama láìparí rẹ̀, wọ́n ní, ọmọ yìí ò yi. Nígbà tí mo fi iṣẹ́ télọ̀ sílẹ̀ lẹ́yìn oṣù mẹ́rin, wọ́n tún un sọ. Àwọn fúnra wọn ti jókòó sídìí tábìlì kan ṣoṣo ní rélùwéè ní Ìdó fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, pẹ̀lú ṣẹ́ẹ̀tì funfun ọlọ́wọ́ gígùn, irú èyí tí a máa ń ká ẹnu ọwọ́ rẹ̀ po, tí a ó sì fi kọ́fílíǹkì dè é dípò bọ́tìnnì. Mi ò rántí ọjọ́ kan tí mo rí ìgbọ̀nwọ́ bàbá mi níta.

Ọdún kejì tí ìjọba yí ọkọ̀ láti ọwọ́ òsì sí ọwọ́ ọ̀tún ni àrùn rọpárọsẹ̀ kọ lu Bàbá. Wọ́n ti fẹ̀yìn tì nígbà náà. Àwa ọmọ máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ lẹ́yìn wọn pé ìjọba yí sí ọ̀tún, Bàbá ní tiwọn yí sí òsì. Ká má parọ́, ẹ̀rín náà ò dénú. Ẹsẹ̀ wọn padà bọ̀ sípò, ṣùgbọ́n ìka ọwọ́ ọ̀tún lè ti nǹkan díẹ̀ ni, kò lè mú un. Ọ̀rọ̀ ẹnu wọn náà ń fà. Ìyẹn ló dùn wọ́n jù, nítorí náà bí kò bá pọn dandan, wọn kì í sọ̀rọ̀ mọ́. Ìwé ni wọ́n ń kọ sí wa, bí ọ̀gá ọ́fíìsì tó ń kọ̀wé sí àwọn tó wà lábẹ́ rẹ̀, pẹ̀lú ọwọ́ òsì, lẹ́tà gàgàrà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbọ̀n.

Màámi ló ń bá wọn de ọwọ́ ṣẹ́ẹ̀tì láràárọ̀ kí wọ́n tó gba ọjà lọ. Nígbà tó ṣe, ìròyìn dé láti Ògbómọ̀ṣọ́ pé ìyá Màámi ò gbádùn, Màámi sì ní láti lọ tọ́jú ìyá wọn fún nǹkan bí oṣù méjì. Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Bàbá ò jẹ́ kí ọmọ kankan fọwọ́ kan ọwọ́ ṣẹ́ẹ̀tì wọn. Àbúrò mi obìnrin, tó ń gbé lọ́dọ̀ wọn ní Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó, gbìyànjú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, wọ́n já ọwọ́ gbà. A ní kí wọ́n kúkú máa wọ bùbá. Wọ́n kọ ọ́ síwèé fún wa pé akọ̀wé kì í wọ bùbá lọ sípàdé. Ìpàdé àwọn òṣìṣẹ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni wọ́n ń sọ, tó máa ń wáyé ní Yábàá lọ́jọ́ Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù. Àwọn ni akọ̀wé ẹgbẹ́ náà.

Ó túmọ̀ sí pé bí Màámi bá lọ, Bàbá ò ní jáde. A sì ti rí ohun tí àìjáde ń ṣe fún wọn. Ní oṣù àkọ́kọ́ tí àìsàn náà dé, ńṣe ni wọ́n kọjú sógiri, oúnjẹ ò wù wọ́n. Ẹ̀rù ń bà mí pé bí wọ́n bá tún kọjú sógiri lẹ́ẹ̀kejì, wọn ò ní yíjú padà sí wa mọ́.

Ọ̀sẹ̀ méjì kí Màámi tó lọ ni àbúrò mi mú ìwé kan wá bá mi ní ìsọ̀ mi ní Múṣín. Bàbá kọ ọ́ síbẹ̀ pé: “Mo fe kofilinki fadaka meji. Ki idi re yi daadaa.”

Bàbá mi, tí wọn kì í fi kọmá ṣeré bí wọ́n bá ń kọ Gẹ̀ẹ́sì, kì í fi àmì ohùn sórí Yorùbá. Wọ́n ní ẹni tó bá gbọ́ Yorùbá á mọ̀ ọ́n kà. Èmi náà kà á lójú ẹsẹ̀. Mo kà á pé kí ìdí rẹ̀ yi dáadáa. Inú bí mi débi pé mo fi iná sílẹ̀ tó ń jó lásán. Ìgbà àkọ́kọ́ rèé tí bàbá mi máa bẹ̀ mí níṣẹ́ láyé, ọ̀rọ̀ àtijọ́ yẹn náà ni wọ́n tún fi ránṣẹ́ sí mi. Bí ìwọ ò bá yi, ó kéré tán, jẹ́ kí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ yi: bí mo ṣe gbọ́ ọ nìyẹn.

Mo ṣe é kó yi. Mo lu igi àárín rẹ̀ títí ó fi le, mo jó orí rẹ̀ mọ́ ọn níwájú, mo jó ìdí tó fẹ̀ mọ́ ọn lẹ́yìn, gbogbo rẹ̀ wá dúró gan-in. Mo fi ẹmú fà á, kò mì. Mo fi gìgísẹ̀ bàtà gún un mọ́lẹ̀, kò wọ́. Mo ń bínú, mo sì ń yangàn. Mo fi aṣọ nù ún, mo dì í sínú bébà, ó di Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó.

Màámi ń di ẹrù nígbà tí mo débẹ̀. Bàbá gba bébà náà, wọ́n tú u, wọ́n yẹ ìdí kọ́fílíǹkì náà wò, wọ́n tún yẹ̀ ẹ́ wò. Wọ́n fi ọwọ́ òsì bẹ̀rẹ̀ sí í ki í bọ ẹnu ọwọ́ ọ̀tún. Ihò mẹ́rin ló ní láti gbà kọjá, ìdí tí mo ṣe sì fẹ̀. Ó pẹ́ kó tó wọlé, òógùn ti bo iwájú orí wọn. Ó wá ku ọwọ́ òsì, tó jẹ́ pé ọwọ́ ọ̀tún tó kú yẹn ló máa dè é. Wọ́n fi ìka tì í, ó yọ̀. Wọ́n fi àyà gbé e, ó yọ̀. Wọ́n fi etí tábìlì tì í, ó já bọ́, ó yí gbirigbiri lọ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Mo dọ̀bálẹ̀ láti mú un, mo sì pẹ́ níbẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, nítorí mi ò fẹ́ wo ojú wọn.

Bàbá ló sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ náà ń fà, ó sì ń gbọ̀n, ṣùgbọ́n ohùn orí rẹ̀ dá ṣáká. “Yí,” ni wọ́n wí. “Yí ni mo kọ. Kó máa yí.”

Wọ́n fa bírò, wọ́n ya igi kan, wọ́n wá ya igi kékeré míì dábùú ìdí rẹ̀, wọ́n sì fi ìka yí i káàkiri kí n lè rí i. Wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé òyìnbó kan tó jẹ́ ọ̀gá àwọn ní Ìdó láyé àtijọ́ ní irú rẹ̀. Ìdí rẹ̀ máa ń nà tọ́ kó lè gba inú ihò kọjá, bó bá kọjá tán á yí, á dábùú. Wọ́n ti ń ronú sí i láti ọjọ́ tí ìròyìn Ògbómọ̀ṣọ́ ti dé.

Kàkà kí n bẹ̀bẹ̀, ńṣe ni mo ní, “Ẹ ò fi àmì sí i, Bàbá.” Ojú tì mí bí ó ṣe ń jáde lẹ́nu mi.

Màámi gbé ẹrù sílẹ̀. Wọ́n wo àwa méjèèjì. “Ẹni tó kọ ọ́ mọ̀wé,” ni wọ́n wí, “ẹni tó kà á mọ̀wé. Èmi tí mi ò mọ̀wé, mi ò bá ti béèrè.”

Màámi lọ ní ọjọ́ Ẹtì. Ìpàdé Yábàá ku ọjọ́ mẹ́jọ.

Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe nǹkan tó ń yí. Ẹ̀gbà, òrùka, yẹtí, gbogbo wọn kì í rìn. Mo lọ bá ọ̀gá mi àtijọ́, wọ́n ní àwọn náà ò ṣe é rí, wọ́n sì fi kún un pé a kì í fi ìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná. Mo dúpẹ́, mo sì kánjú jáde. Èyí tí mo kọ́kọ́ ṣe kán. Èyí tó tẹ̀lé e kò yí rárá, iná ti jó gbogbo rẹ̀ pọ̀. Àbúrò mi wá sọ fún mi pé Bàbá ti ń sun oorun ọ̀sán, ohun tí wọn kì í ṣe. Mo bi í pé apá ibo ni wọ́n kọjú sí. Ó ní ògiri ni.

Inú balùwẹ̀ ni mo ti rí i. Balùwẹ̀ ilé tí mo ń gbé kò ní kọ́kọ́rọ́. Pákó kékeré kan ni lánlọ́ọ̀dù kàn mọ́ férémù ilẹ̀kùn nínú, pẹ̀lú ìṣó kan ṣoṣo láàárín rẹ̀. Bí o bá yí pákó náà dábùú, ilẹ̀kùn tì. Bí o bá yí i dúró, ilẹ̀kùn ṣí. Ṣùgbọ́n ìṣó náà ti dẹ̀, pákó náà a sì máa yí fúnra rẹ̀ nígbà tó bá wù ú. Ọṣẹ wà lójú mi láàárọ̀ ọjọ́ yẹn nígbà tí ilẹ̀kùn ṣí gbayawu. Ìyá kan tó ń gbé yàrá kejì sí tèmi wà níta pẹ̀lú garawa omi rẹ̀, ó ń retí kí n jáde. Ó yẹ kí n ti ilẹ̀kùn. Dípò bẹ́ẹ̀, pákó ni mo gbá mú, mo ń yí i sókè, mo ń yí i sódò, mo ń rẹ́rìn-ín, ìhòòhò ni mo sì wà.

“Bùọ̀dá alágbẹ̀dẹ,” ni obìnrin náà wí, ó ti kọjú sẹ́yìn, “bí ẹ bá ṣe tán pẹ̀lú ilẹ̀kùn yẹn, èmi náà fẹ́ wẹ̀.”

Mo gé fàdákà pẹlẹbẹ tí kò gùn ju hóró àgbàdo méjì lọ. Mo la ìdí igi àárín sí méjì, mo ki pẹlẹbẹ náà sáàárín, mo fi abẹ́rẹ́ ìránṣọ tí mo gé kúrú gún wọn pọ̀ bí ìṣó ti gún pákó. Ó yí. Ó yí jù, gẹ́gẹ́ bíi ti balùwẹ̀: bí mo bá ti ju apá, á nà, á sì já bọ́. Ìgbà yẹn ló tó yé mi pé èmi àti Bàbá la jọ jàre. Ó ní láti yí, ó sì ní láti yi. Mo sáré lọ bá ẹni tó ń tún aago ṣe ní Ojú Ẹlẹ́gbà, ó fún mi ní sípíríǹgì aago ọwọ́ kan tó ti kú. Mo gé e wẹ́wẹ́, mo tẹ́ ẹ sábẹ́ pẹlẹbẹ náà. Bí mo bá ti tì í báyìí, ó dún kẹ́, ó dábùú, ó sì dúró síbẹ̀.

Mo fi àkísà di ìka ọwọ́ ọ̀tún mi pọ̀, mo wọ ṣẹ́ẹ̀tì, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ bí ọwọ́ tí kò lè mú nǹkan ṣe máa dè é. Ọjọ́ méjì ni mo fi ṣe èyí. Lẹ́yìn náà mo rìn láti Múṣín dé Ojú Ẹlẹ́gbà, mo ń ju apá bíi sójà, kí n lè mọ̀ bóyá á já. Àwọn ènìyàn ń wò mí, ó sì tọ́ kí wọ́n wò. Kò já.

Nígbà tí mo gbé e dé, Bàbá wo ìdí rẹ̀, wọ́n fi àtàǹpàkò òsì tì í, ó dún kẹ́. Wọ́n tún tì í. Mo ń retí kí wọ́n gbìyànjú rẹ̀ lójú mi, wọ́n kọ̀. Wọ́n fi í sápò, wọ́n sì juwọ́ sí mi pé kí n máa lọ.

Láti aago méje àárọ̀ Sátidé ni mo ti wà ní òdìkejì ilé wọn, níwájú ṣọ́ọ̀bù oníbúrẹ́dì. Mo ra búrẹ́dì tí mi ò jẹ. Mo jókòó, mo dìde, mo rìn dé igun, mo padà. Aago mẹ́jọ lù, ilẹ̀kùn ò ṣí. Ó kù díẹ̀ kó lu mẹ́sàn-án nígbà tí bàbá mi jáde pẹ̀lú ṣẹ́ẹ̀tì funfun, ìwé ìpàdé wà lábíyá wọn. Oòrùn mú fàdákà ọwọ́ ọ̀tún. Mo ń wá tọwọ́ òsì, mi ò rí i. Wọ́n wá gbé ọwọ́ náà sókè láti bo ojú wọn, mo sì rí i. Mo sunkún níbẹ̀, pẹ̀lú búrẹ́dì lọ́wọ́, oníbúrẹ́dì sì ní ṣé kò dára ni.

Ní ọjọ́ Ajé, àbúrò mi mú ìwé kan wá láti ọ̀dọ̀ Bàbá. Ọ̀rọ̀ méjì péré ló wà níbẹ̀: “O yi.”

Kò ní àmì. Mo lè kà á pé ó yí. Mo lè kà á pé ó yi. Mo sì tún lè kà á lọ́nà kẹta, èyí tí kì í ṣe kọ́fílíǹkì ni wọ́n ń bá wí, bí kò ṣe èmi. Mo rántí Màámi, mo mọ̀ pé ó yẹ kí n lọ béèrè. Mi ò lọ. Mo gbé ìwé náà sórí bẹ́ǹṣì, mo jókòó tì í, nígbà tí mo sì tún gbé ojú sókè, oòrùn ti ń wọ̀, mi ò tíì dìde lẹ́ẹ̀kan.