Ìlà Mẹ́ta Nínú Fótò Àwọn Ará Jàpáànù

Àgbò ti wà lórí ìso, àwọn àfáà ti jókòó sórí ẹní nínú àgbàlá wa ní Kambolé, kí n tó gbé fótò náà dé. Ká ní mo pẹ́ lọ́nà lọ́jọ́ náà ni, wọn ì bá ti parí àdúrà.

Àdúrà òkú ni. Ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi, ni wọ́n fẹ́ ṣe é fún. Àwọn Faransé ló mú un wọ iṣẹ́ sójà nígbà tí mo ṣì kéré, wọ́n kó o lọ jagun ní Ẹ̀ńdóṣíìn, ilẹ̀ Éṣíà kan tó jẹ́ pé ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n fi ń débẹ̀. Òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan láti Koussountou ni wọ́n jọ lọ. Ọ̀rẹ́ padà wálé. Ó ní odò kan ló ya àwọn méjèèjì, pé òun ò rí òkú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yẹn ni ìyá ẹ̀gbọ́n mi dì mú. Ó lé ní ogún ọdún tí kò fi jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣe fìdáù fún ọmọ rẹ̀. "Ẹ ò ní fi ẹnu lásán sin ọmọ fún mi," bẹ́ẹ̀ ló máa ń wí. Nígbà tó yá, ojú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣókùnkùn, eegun rẹ̀ ń dùn ún, ó ní ó tó. Òun ò fẹ́ kú kí òun fi ọmọ sílẹ̀ láìní àdúrà.

Ní Kouloundè, ní Sokodé, ni mo ti ń ya fótò nígbà náà. Iṣẹ́ pọ̀: gbogbo wa la gbọ́dọ̀ ní káàdì ẹgbẹ́ òṣèlú ìjọba, káàdì kò sì ṣeé gbà láìsí fótò. Ọ̀sẹ̀ tí wọ́n fẹ́ ṣe àdúrà gan-an ni àwọn ọmọ ọ̀rẹ́ ẹ̀gbọ́n mi wá bá mi. Bàbá wọn ti kú, wọ́n rí fótò méje nínú agolo bisikíìtì rẹ̀, ẹ̀rù ń bà wọ́n, wọ́n kó wọn fún mi. Láyé ìgbà yẹn, bí jàndáàmù, ọlọ́pàá ìjọba, bá bá fótò ológun nílé rẹ, wàá ṣàlàyé títí ẹnu á fi bó. Lẹ́yìn àwọn fótò náà, wọ́n kọ nǹkan kan bí ipasẹ̀ adìẹ nínú iyẹ̀pẹ̀. Àwọn sójà tò sétí odò, wọn kì í ṣe òyìnbó, wọn kì í ṣe aláwọ̀ dúdú. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀kan, ọkùnrin kan bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ nídìí ìkòkò lẹ́yìn wọn. Ó dúdú, ìlà mẹ́ta sì wà lẹ́rẹ̀kẹ́ rẹ̀.

Ẹni tó bá dàgbà láàárín wa mọ̀ pé kì í ṣe imú la fi ń mọ ọmọ ilé ẹni lókèèrè. Ìlà ni. Imú lè jọra.

"Ìlà mélòó?" Ìyá bi mí níwájú àwọn àfáà.

"Mẹ́ta, Ìyá."

"Ó dúró àbí ó dùbúlẹ̀?"

"Ó dùbúlẹ̀."

"Odò ò gbé e lọ nìyẹn, wọ́n mú un ni. Ẹ tú àgbò yẹn."

Ọ̀kan nínú àwọn àfáà ní, "Ìyá, a ti ṣe àlùwàlá o."

"Ẹ fi kírun ọ̀sán."

Ọdún méjì gbáko ló fi gbé fótò náà sábẹ́ ìrọ̀rí. Bí mo bá ti wálé, á gbé e lé mi lẹ́sẹ̀. "Kí ló ń ṣe lónìí?" Màá ní, "Ó ń se oúnjẹ, Ìyá." Á rẹ́rìn-ín. "Ọmọ tí kò lè sun iṣu kó má jóná." Ó ní kí wọ́n rẹ́ ògiri yàrá ọmọ rẹ̀ lọ́tun, kó lè bá a bẹ́ẹ̀ bó bá dé.

Mo gba fótò náà lọ sí Sokodé kí n lè yà á tóbi fún un. Orí tábìlì ni ó wà nígbà tí bàbá kan wọlé wá ya fótò káàdì, ọmọ ẹ̀yà Tem, sójà àtijọ́ tó ti dé Ẹ̀ńdóṣíìn. Ó mú un, ó rẹ́rìn-ín.

"Níbo lo ti rí àwọn ará Jàpáànù?"

"Jàpáànù kẹ̀, Bàbá? Ṣé kì í ṣe ibi tí ẹ ti jagun ni?"

"Ibẹ̀ ni, àwọn ló kọ́kọ́ gba ilẹ̀ náà. Wo aṣọ tó rọ̀ sẹ́yìn fìlà wọn, àwọn ló ń dé irú rẹ̀. Wo idà ọ̀gá wọn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ga jù ú lọ. Ìkọ̀wé wọn ló wà lẹ́yìn rẹ̀ yìí. Kí ọkọ̀ wa tó gúnlẹ̀, àwọn wọ̀nyí ti kó ẹrù wọn lọ láti ọdún pípẹ́. Inú ilé tí wọ́n fi sílẹ̀ la ti ń ṣa fótò wọn. Èmi náà ṣa méjì, mo sọ fún ìyàwó mi pé èmi ni mo ṣẹ́gun wọn."

"Ẹni tó wà nídìí ìkòkò yẹn ńkọ́?"

"Ọ̀kan nínú wọn tí òjìji bò ni. Ṣé ẹ̀yin ará Kambolé! Bí iṣu bá ha lára, ẹ ó ní ọmọ ilé yín ni."

Mo mú awò tí mo fi ń tún fótò ṣe, mo tẹjú mọ́ ọn. Àwọn ìlà mẹ́ta náà gba ẹ̀rẹ̀kẹ́ kọjá, wọ́n gba etí, wọ́n sì jáde sára oparun tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Nǹkan ló ha bébà. Èmi tí mò ń fi pẹ́ńsùlù pa ìlà rẹ́ nínú fótò fún àwọn ọ̀dọ́ tí kò fẹ́ kó hàn, èmi ni n kò yẹ̀ ẹ́ wò.

Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ń sọ pé ọ̀la ni mo máa lọ. Lọ́jọ́ kẹrin mo wọ ọkọ̀. Ní Tchamba, wọ́n ti kó àwọn ọmọ iléèwé síta láti jó fún ọ̀gá ìjọba kan tó ń bọ̀, wọ́n dí ọ̀nà títí di ìrọ̀lẹ́. Inú mi dùn sí i. Ọ̀nà ṣí, kò sí ohun tí mo tún lè fi ṣàwáwí.

Ìyá ń yin àgbàdo nígbà tí mo dé. Mo jókòó sílẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀, láti orí fìlà dé orí oparun. Ọwọ́ rẹ̀ kò dúró. Ó yin àgbàdo kan tán, ó mú òmíràn.

"Ìwọ ni wọ́n ní ò ń pa ìlà rẹ́ fún àwọn ènìyàn ní Sokodé, àbí?"

"Èmi ni, Ìyá."

"O ò sì mọ̀ ọ́n."

Ó yin ìyẹn náà tán. Lẹ́yìn náà ó ní, "Lọ sọ fún àwọn àfáà pé Jímọ̀ọ̀ ni àdúrà."

Wọ́n ṣe é ní Jímọ̀ọ̀. Nígbà tí wọ́n pín ẹran, ó fọwọ́ tálẹ̀ títí ó fi dé ọ̀dọ̀ mi, ó gbé ìpín àbúrò òkú lé mi lọ́wọ́. Mo ní màá gbé e lọ sílé. Ó ní, "Jẹ ẹ́ níbí." Mo jẹ ẹ́ níwájú rẹ̀. Ó jókòó tì mí títí mo fi jẹ ẹ́ tán.