Àtẹ́wọ́ Tí Wọ́n Pa fún Ọmọ́wùmí

Ní ilé Tíṣà Àpọ́nlé ní Ìṣẹ́yìn, wọ́n máa ń kọ́ ọmọ ní ìtàn ìka ìyá rẹ̀ kí wọ́n tó kọ́ ọ ní a-b-d. Epo gbígbóná ló jó ìyá lọ́wọ́, níjọ́ tí wọ́n ń dín àkàrà òkú bàbá àgbà. Bí àlejò bá tẹjú mọ́ ọwọ́ ọ̀tún Ìyá Wùmí, tí ó rí ìka mẹ́ta tí ó ká kò tí kò ṣeé nà, ọmọ tó bá wà nítòsí yóò ti sọ ti epo kí àlejò tó la ẹnu. Ọmọ́wùmí, àkọ́bí, ló mọ̀ ọ́n sọ jù.

Ìgbà tí àìsàn dá bàbá rẹ̀ dùbúlẹ̀ ló tó gbọ́ òótọ́. Bàbá ní kí ó ti ilẹ̀kùn.

“Kì í ṣe epo,” ni Tíṣà wí. “Ẹ̀tẹ̀ ni. Àwọn míṣọ́nnárì ti wò ó sàn kí n tó fẹ́ ẹ, mo sì mọ̀ kí n tó fẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n àwọn èèyàn wa kì í gbà pé àìsàn yẹn ń san. Bò ó títí àbúrò rẹ yóò fi délé ọkọ.”

Ọmọ́wùmí ṣe ìlérí. Abọ́sẹ̀dé ni àbúrò náà, ó ń kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán nígbà náà. Kò pẹ́ tí Tíṣà fi kú.

Ní ọdún 1981, Ọmọ́wùmí wọ yunifásítì. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan níbẹ̀ ní ẹgbẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní Ẹgbẹ́ Ọgbọọgba. Ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé, wọ́n á to àga yíká kí ẹnikẹ́ni má baà jókòó sẹ́yìn, wọ́n á sì máa sọ bí ọmọ ènìyàn ṣe ń fojú tín-ín-rín ẹnì kejì rẹ̀: Mùsùlùmí sí Kristẹni, Yorùbá sí Hausa, ọkùnrin sí obìnrin, ọmọ olówó sí ọmọ tálákà. Kò sí olùkọ́ níbẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ ló ń darí ara wọn. Cornelius, ọmọ Ipapo, ni olórí wọn. Ó máa ń sọ pé, “Ohun tí a bá ń fi pamọ́ ni wọ́n fi ń so wá mọ́lẹ̀.” Ọmọ́wùmí fẹ́ràn ìpàdé náà ju ẹ̀kọ́ tí ó tìtorí rẹ̀ wọ yunifásítì lọ.

Ní Sátidé kan, ọ̀rọ̀ kan àwọn olóṣèlú. Cornelius ní, “Àwọn wọ̀nyí ò lè tún ìlú ṣe, wọ́n kàn lè bà á jẹ́ ni. Adẹ́tẹ̀ ò lè fún wàrà, ṣùgbọ́n ó lè dà á nù.”

Ẹ̀rín sọ. Ẹnì kan ní, “Kọ́mrédì, máa bá a lọ jàre.”

Ọmọ́wùmí kò mọ ìgbà tí òun dìde. “Adẹ́tẹ̀ ni ìyá mi,” ló wí. “Ọwọ́ yẹn náà ni wọ́n fi pọ̀n mí, òun ni wọ́n fi bọ́ mi. Wàrà kankan ò dànù nílé wa.”

Àwọn tó ń rẹ́rìn-ín kọjú sí i. Lẹ́yìn náà wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́, wọ́n pa á títí. Cornelius wá sí iwájú rẹ̀, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú. “Forí jì mí,” ló wí. “Ẹnu tèmi gan-an ló dẹ́tẹ̀.” Wọ́n tún rẹ́rìn-ín.

Ara fúyẹ́ fún Ọmọ́wùmí lọ́jọ́ náà bí ẹni tó sọ ẹrù kalẹ̀. Kò wá sí i lọ́kàn pé gbogbo àwọn tó jókòó yíká yẹn ló ní ilé, pé ilé kọ̀ọ̀kan sì ní àwọn àgbà tó máa ń béèrè ọ̀rọ̀.

Ọdún kejì ni Ọlágòkè, akọ̀wé káńsù kan, ọmọ Ipapo, wá tọrọ Abọ́sẹ̀dé. Wọ́n ti ṣe mọ̀mí-n-mọ̀ ọ́, wọ́n ti dá ọjọ́ ìgbéyàwó sí ẹ̀yìn Kérésìmesì, Abọ́sẹ̀dé sì ti fọwọ́ ara rẹ̀ rán aṣọ ìyàwó. Ọmọ́wùmí wà nílé fún ọlidé nígbà tí Ìyápọ̀, alárinà, wọlé. Kò jókòó.

“Ìyá Wùmí, wọ́n ní kí ọ̀rọ̀ yẹn ṣì sinmi ná.”

“Ó sinmi báwo? Ọjọ́ mà ti dé tán.”

“Wọ́n ṣe ìwádìí.”

“Ṣebí wọ́n ti ṣe é kí wọ́n tó wá.”

“Wọ́n tún un ṣe.” Ojú Ìyápọ̀ bọ́ sí ọwọ́ ọ̀tún ìyá, ó sì yára gbé e kúrò. “Ẹ má bi mí síwájú sí i, ẹ jọ̀ọ́.”

Ìyá Wùmí ti ọwọ́ náà bọ abẹ́ ìró rẹ̀. Lẹ́yìn tí Ìyápọ̀ lọ, ó ní, “Ta ló sọ fún wọn?” Ọmọ́wùmí rántí pé ọmọ Ipapo ni Cornelius.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ó wọ ọkọ̀ lọ sí Ipapo. Ó bá Cornelius lẹ́yìnkùlé bàbá rẹ̀, ó ń so iṣu mọ́ igi.

“Ṣé ìwọ ni?”

Kò sẹ́. “Àǹtí mi ni ìyá Ọlágòkè. Wọ́n ní ṣebí mo mọ̀ ẹ́ ní yunifásítì, ṣé kò sí nǹkan kan nílé yín. Ṣé kí n purọ́ ni? Ìwọ fúnra rẹ lo dìde láàárín èrò tí o sọ ọ́.”

“Ẹ̀yin ni mo sọ ọ́ fún.”

“Mo gbèjà yín, Ọmọ́wùmí. Mo ní ó ti san, mo ní kò lè ran ẹnikẹ́ni mọ́. Mo sọ ọ́ títí ọ̀fun mi fi gbẹ.”

“Wọ́n wá ní kí ni?”

Ó so iṣu kan sí i. “Wọ́n ní ṣé èmi lè fẹ́ ọmọ ilé náà.”

“Kí lo sọ?”

“Ọ̀rọ̀ tèmi kọ́ là ń sọ.”

Ohùn bàbá rẹ̀ wá láti inú ilé. “Ta nìyẹn?”

“Ará yunifásítì wa ni, Bàbá.”

“Kí ló dé tí o ò fún un ní ìjókòó?”

Cornelius wo àpótí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. “Ó ń lọ ni, Bàbá.”

Ọmọ́wùmí padà sílé, ó kúnlẹ̀, ó rò ó fún ìyá àti àbúrò rẹ̀ bó ṣe rí. Abọ́sẹ̀dé ló béèrè.

“Sístà Wùmí, nígbà tí wọ́n ń pàtẹ́wọ́ yẹn, ẹ rántí mi?”

“Rárá.”

“Ẹ ṣé tí ẹ ò purọ́.” Ó mú abẹfẹ́lẹ́, ó ń tú léèsì kúrò lára aṣọ ìyàwó náà ní ojú rírán kọ̀ọ̀kan, kí ó má baà ya.

Nígbà tí yunifásítì wọlé padà, Ẹgbẹ́ Ọgbọọgba ránṣẹ́ pe Ọmọ́wùmí pé kí ó wá sọ ti àbúrò rẹ̀, yóò la àwọn ènìyàn lójú. Kò lọ. Ó parí ẹ̀kọ́ rẹ̀, ó di olùkọ́ ní Òkèhò, kò sì wọ ẹgbẹ́ kankan mọ́.

Abọ́sẹ̀dé gba Kàdúná lọ. Ibẹ̀ ló ti fẹ́ òṣìṣẹ́ rélùwéè kan tí kò béèrè ohun púpọ̀. Nígbà tó bímọ, Ìyá Wùmí ra ọṣẹ dúdú àti osùn, ó di ẹrù, nítorí ìyá ìyàwó ló ń wẹ ọmọ tuntun. Yẹ̀kínì, awakọ̀ tó máa ń ná ọ̀nà Kàdúná, ló jíṣẹ́ fún un: Abọ́sẹ̀dé ní kí Ìyá má ṣe wàhálà ọ̀nà, kí Sístà Wùmí wá.

“Ṣé ara ọmọ le?” ni ìyá béèrè.

“Ó le kokooko.”

Ìyá gbé ẹrù náà fún Ọmọ́wùmí.

Ní Kàdúná, ìyá ọkọ Abọ́sẹ̀dé ló ṣílẹ̀kùn. Ó kí àlejò dáadáa, ó gba ẹrù lọ́wọ́ rẹ̀, lẹ́yìn náà ó rẹ ohùn sílẹ̀. “Ẹ kú ara fẹ́ra kù ti ìyá yín. Ìyàwó wa sọ fún wa pé kò pẹ́ tí wọ́n fi tẹ̀lé bàbá yín lọ. Ọlọ́run á tẹ́ wọn sáfẹ́fẹ́ rere.”

Abọ́sẹ̀dé wà lẹ́yìn rẹ̀, ọmọ lọ́wọ́, ó ń wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

“Àmín, Ìyá,” ni Ọmọ́wùmí wí. “Ẹ ṣeun.” Ó sì béèrè ibi tí omi wà, kí ó lè wẹ ọmọ.