Ẹ́ńjìnì Tó Dákẹ́ Níwájú Ilé Ìjọsìn Wa

Mo rántí ìgbà tí ariwo ẹ́ńjìnì kì í kọjá òpó funfun kan tí àwọn àgbà rì sínú omi níwájú ilé ìjọsìn wa, ní ìhà Etíkàn. Orí òpó la kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì náà sí bí a ti kọ́ gbogbo ilé ibẹ̀. Ẹni tó bá ń bọ̀ wá jọ́sìn, bó bá ti dé ibi òpó yẹn, yóò pa ẹ́ńjìnì, yóò mú àjẹ̀, yóò sì máa wa ọkọ̀ rẹ̀ bọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Láti kékeré ni ìyá ìjọ ti ń fi èyí kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi. Ìyàwó tuntun tí wọ́n gbé wá láti Òde Màhìn ni mí nígbà náà, ẹ̀rín ni mo ń fi í rín. Ọlọ́run tó dá ààrá, ṣé ẹ́ńjìnì ọkọ̀ ni yóò dí i létí?

Ọkọ mi ni pásítọ̀ ibẹ̀. Nígbà tí ìbò ń bọ̀, ọkùnrin kan tó ń du ipò wá sílé wa pẹ̀lú èrò rẹpẹtẹ. Ó fẹ́ kúnlẹ̀ níwájú pẹpẹ, kí ọkọ mi da òróró sí i lórí, kó sì sọ fún ìjọ pé òun ni Ọlọ́run yàn. Ọkọ mi ní òun yóò gbàdúrà fún un bí òun ti ń gbà á fún gbogbo àwọn tó ń díje, ṣùgbọ́n òun kò ní bá Ọlọ́run dìbò. Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó jẹ púpurú wa, ó jẹ ẹja wa, ó lọ. Kò pẹ́ tí a fi gbọ́ pé àwọn ènìyàn rẹ̀ ń sọ ọ́ káàkiri etí omi pé Ọlọ́run ti fọwọ́ sí i ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Ọkọ mi ní irọ́ ni, òun yóò sọ ọ́ lórí àga ìwàásù lọ́jọ́ Ìsinmi. Ní ọjọ́ kejì, iṣẹ́ dé sí wa: bí pásítọ̀ bá la ẹnu rẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ náà, omi ni yóò gbé e lọ.

Ẹ̀rù bà mí. Mo bẹ ọkọ mi, mo ní ẹyin lohùn, bó bá bọ́ kò ṣe é kó, ṣé ẹ̀yin nìkan lẹ mọ Ọlọ́run ni? Ó gbọ́ mi tán, ó ní, “Kì í ṣe èmi ni mo ni àga ìwàásù yẹn. N kò lè fi yá ẹnikẹ́ni.” Ni èmi, ìyàwó pásítọ̀, tí mò ń darí àwọn obìnrin nínú àdúrà ìgboyà, bá lọ kúnlẹ̀ sẹ́yìn ilé ìdáná, mo ní kí Olúwa jọ̀ọ́ dí ọkọ mi lọ́fun di ọjọ́ Ajé. Nígbà tí ọjọ́ Ìsinmi dé, ohùn rẹ̀ já gaara.

Ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ni mo jókòó sí, etí mi wà lórí omi. Bó ti mẹ́nu kan ọ̀rọ̀ náà ni a gbọ́ ẹ́ńjìnì. Ẹ́ńjìnì ńlá ni. Gbogbo ìjọ yíjú sí fèrèsé, ọkọ mi nìkan ló ń sọ̀rọ̀ lọ. Ohun kan náà ni gbogbo wa ń retí: bó bá jẹ́ ẹni wa ni, yóò pa á níbi òpó.

Ó pa á. Àwọn ènìyàn mí kanlẹ̀. Mo wá yọjú lójú fèrèsé. Àwọn géńdé ló kún inú ọkọ̀, wọ́n so aṣọ pupa mọ́rí, àdá wà lẹ́sẹ̀ wọn. Ẹni tó wà nídìí ọkọ̀ ti mú àjẹ̀, ó ń wà á bọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́.

Ìyá ìjọ tó jókòó tì mí na ọrùn wò wọ́n, ó dìde. Mo di ìró rẹ̀ mú, ó já a gbà. Orí èbúté ló lọ dúró sí.

“Ọmọ mi,” ó ní, “o pa ẹ́ńjìnì.”

Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń wa ọkọ̀ náà, tí ìyá ìjọ ti kọ́ ní kékeré, wo ẹ́ńjìnì, ó wo ọwọ́ ara rẹ̀. “Màmá, ẹ má bínú. Mi ò mọ ìgbà tí mo pa á.”

“Ẹ fi àdá yín sílẹ̀, kí ẹ wọlé.”

Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń kùn, ọ̀kan ní kó ṣá iná sí i kí àwọn ṣe ohun tí àwọn bá wá. Kò gbé àjẹ̀ sílẹ̀. Ohùn ọkọ mi ti ń gbọ̀n nínú ilé, ó ní kí kálukú dìbò fún ẹni tó bá wù ú, ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má sọ pé Ọlọ́run ló rán òun. Ó sọ ọ́ tán. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà yí orí ọkọ̀ padà, ó ń wà á lọ. Ó kọjá òpó funfun kó tó ṣá iná sí ẹ́ńjìnì.

Ọkùnrin tó ń du ipò yẹn wọlé ìbò náà. Òkun sì ti gbé ṣọ́ọ̀ṣì wa lọ, tòpó-tòpó. Ìlú orí ilẹ̀ la wà báyìí, lẹ́bàá títì, èmi ni mo sì ń kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi. Mo máa ń sọ fún wọn pé bí wọ́n bá dàgbà tí wọ́n ń gun ọ̀kadà, kí wọ́n máa pa á lẹ́nu géètì, kí wọ́n tì í wọlé. Wọ́n ń fi mí rẹ́rìn-ín, bí mo ti rín in nígbà tèmi. N kì í bá wọn rín in mọ́. Mo máa ń wo ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, nítorí n kò mọ èyí tí yóò padà wá lọ́jọ́ kan pẹ̀lú àdá.