Ilẹ̀ Pálọ̀ Ìyá Àgbà

Kí n tó gbọ́ rárá, bàbá mi ti bá ẹni tó ń lẹ táìsì sọ̀rọ̀ tán. Wọ́n fẹ́ fọ́ ilẹ̀ sìmẹ́ǹtì pálọ̀ wa ní Moshie Zongo, àdúgbò àwọn Mùsùlùmí ní ìlú tí wọ́n ti ń sọ Twi, nítorí ó ti ṣá, àlejò ìgbéyàwó ẹ̀gbọ́n mi obìnrin sì ń bọ̀ láti Ògbómọ̀ṣọ́. Ìyá àgbà, ìyá bàbá mi, kò bá wọn jà. Wọ́n kàn ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá wọlé pé ọkọ àwọn ló fọwọ́ ara rẹ̀ da sìmẹ́ǹtì náà.

Kẹ́mísìrì ni mo kà ní yunifásítì. Mo ní a lè pa ilẹ̀ náà láró láì fọ́ ọ. Bàbá mi ní kí n gbìyànjú, àmọ́ tí kò bá dára títí àwọn yóò fi kírun Jímọ̀ dé, ẹni táìsì á wọlé lọ́jọ́ kejì.

N kò fẹ́ lo ọ̀dà, torí orí sìmẹ́ǹtì ló máa ń jókòó sí, tó bá yá á bó. Mo gba ẹ̀rúnrún irin lọ́wọ́ àwọn tó ń gé irin ní Suame Magazine, ọgbà àwọn mẹkáníìkì, mo rẹ ẹ́ sínú fínígà. Omi rẹ̀ máa ń wọ inú sìmẹ́ǹtì lọ, á sì di àwọ̀ ìpẹtà níbẹ̀. Mo kọ́kọ́ dán an wò lára búlọ́ọ̀kù lẹ́yìnkùlé. N kì í gba ohun tí mo kà nínú ìwé nìkan gbọ́.

Pólíìṣì ni wàhálà ibẹ̀. Gbogbo Jímọ̀ ni ìyá àgbà máa ń fi pólíìṣì pupa ra ilẹ̀ náà, láti ìgbà tí wọ́n ti di ìyàwó ilé náà. Mo fi kẹrosíìnì àti ọṣẹ fọ̀ ọ́, mo wá ń ta omi sí i káàkiri. Ibi tí omi bá ti ṣù bí ìlẹ̀kẹ̀, pólíìṣì ṣì wà níbẹ̀. Nígbà tó fi di ìrọ̀lẹ́ Alàmísì, gbogbo rẹ̀ ti ń fa omi mu.

Láàárọ̀ Jímọ̀, mo da omi irin sí i. Àwọ̀ náà ń jáde díẹ̀díẹ̀, bíi ti ewé gbígbẹ, àyàfi ibì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé tí kò ju ẹní ìkírun lọ. Ibẹ̀ kò mu nǹkan kan. Mo bi ìyá àgbà. Wọ́n ní pólíìṣì díẹ̀ báyìí làwọn fi ra ibẹ̀ lẹ́yìn ìrun Súbùhì, àwọn kò lè jẹ́ kí Jímọ̀ bá ibi tí àwọn ti ń forí kanlẹ̀ ní gbígbẹ.

Mo họ ibẹ̀, mo tún da omi irin sí i. Àwọ̀ oyin ló gbà, kò dúdú tó ìyókù.

Bàbá mi dé láti mọ́sáláṣí, wọ́n rìn yíká, wọ́n dúró níbẹ̀. "Èyí ńkọ́?"

Ìyá àgbà ló dáhùn. "Ibi tí mo ti ń kírun, tí mo ń ṣàdúà fún ọ láti ìgbà tí o ti wà nínú mi nìyẹn. Tó o bá máa fọ́ ọ, ibẹ̀ ni kó o ti bẹ̀rẹ̀."

Bàbá mi lóṣòó, wọ́n fi ọwọ́ ra á, wọ́n wo àtẹ́lẹwọ́ wọn. Ó mọ́, àwọ̀ náà kò bó. "Ɛyɛ," ni wọ́n sọ, ìyẹn "ó dára", Twi tó máa ń wá sí wọn lẹ́nu tí nǹkan bá tẹ́ wọn lọ́rùn. Wọ́n pe ẹni táìsì pé kó má wá mọ́.

N kò lè sọ pé ó dára ju táìsì lọ. Ṣùgbọ́n mo mọ ìdí tí àwọ̀ kọ̀ọ̀kan níbẹ̀ fi rí bó ṣe rí, orí mi sì wú. Nígbà tí àwọn àlejò dé, ìyá àgbà sún ẹní ìkírun tiwọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kí àwọn àlejò lè rí ibi aláwọ̀ oyin náà.